Kasuba Jalè Lọ́sàn-án Gangan

Kasuba já fóònù gbà lọ́wọ́ obìnrin kan láàárín ọjà ìlú Kitwe, lọ́sàn-án gangan.

Kò sá.

Àwọn èrò ọjà ń fi igi lù ú. Ẹnì kan fi òkúta fọ́ orí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀, síbẹ̀ ohun tó ń sọ ni pé, "Èmi ni mo jí i. Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá."

Wọ́n wọ́ ọ dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Simukonda, ọ̀gá ibẹ̀, wò ó tìyanu-tìyanu. "Ṣé aṣẹ́wó ọjọ́sí kọ́ nìyí? O tún ti wá fi olè jíjà kún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bwana, ọ̀gá mi. Ẹ tì mí mọ́lé."

"Orí ẹ pé ṣá? Ẹ̀bẹ̀ làwọn olè máa ń bẹ̀."

Kasuba nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀.

"Lọ́jọ́sí, mo wá sọ fún yín pé ọkùnrin tó dúńbú Besa ọ̀rẹ́ mi ti ń lé èmi náà kiri. Ẹ ní òfin ò sí fún aṣẹ́wó, ẹ lé mi jáde. Òfin wà fún olè, bwana."

Simukonda gbójú sókè wo àwọn èrò tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọkùnrin náà wà láàárín àwọn tó wọ́ mi wá yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ti ìlẹ̀kùn."