Ìyá Arúgbó Inú Àwọ̀n

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́, Àlàájà! Ẹ ti fẹ́ fa àwọ̀n mi ya!"

Ṣeháta ń sáré bọ̀ lórí iyanrìn etíkun Báltímù, bàtà rẹ̀ kan lọ́wọ́. Ìyá arúgbó tó máa ń wá wo ẹyẹ láràárọ̀ ló kó sínú àwọ̀n gígùn tí òun ta sétí òkun láti fi mú ẹyẹ. Awò tí ìyá fi ń wo ọ̀nà jíjìn há mọ́ ọn lọ́rùn, ìbòrí rẹ̀ lọ́ mọ́ okùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn àparò tó fò kọjá òkun mọ́jú ń jà pìtìpìtì nínú àwọ̀n kan náà.

"Báwo lẹ ṣe débẹ̀?"

"Òkè ni mò ń wò, ọmọ mi, n ò wo iwájú. Yéè, ọrùn mi! Ṣé o fẹ́ kí n kú sí ọ lọ́rùn ni?"

Ṣeháta wo ọ̀nà abúlé tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù, bóyá ẹnì kan gbọ́ igbe ìyá, ó fa ọ̀bẹ yọ. Ó gé okùn kan, ìyá ké. Ó gé òmíràn, ìyá tún ké, títí àwọ̀n fi ya sí méjì. Gbogbo àparò bú jáde, wọ́n fò wọnú koríko lọ.

"Ọlọ́run á san án fún ọ," ìyá wí, ó ń gbọn iyanrìn kúrò láṣọ. "Ẹ̀yin méjì lẹ ti ṣàánú mi láàárọ̀ yìí."

"Àwa méjì kẹ̀?"

"Mitiwálì, apẹyẹ bíi tìrẹ, ló kọ́kọ́ gé àwọ̀n tiẹ̀." Ó gbé awò sójú, ó wo etíkun lọ́hùn-ún. "Ọmọ mi, àwọ̀n ta nìyẹn, lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi yẹn?"