Lẹ́tà Tó Ti Ní Ẹni Tó Ni Ín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìdajì kí ẹ sá lọ. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ níṣẹ́ ọwọ́.

1.
Káfíńtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Gígúnrégé, torí àga rẹ̀ kì í mì. Ọ̀gá ilé-ìwé kan ti ń gbéṣẹ́ fún un láti ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́dún yìí, ó ní kó kan ogójì bẹ́ǹṣì kí àwọn ọmọ tó wọlé.

Ó ti gé pákó tán nígbà tí lẹ́tà dé láti iléeṣẹ́ ńlá kan: káfíńtà tó bá fẹ́ ṣe àga ọ́fíìsì àwọn, kó kọ̀wé, kó yàwòrán, kó sì kan ọ̀kan wá fún àyẹ̀wò. Orí Gígúnrégé wú. Ó da aṣọ bo pákó bẹ́ǹṣì.

2.
Ìyàwó rẹ̀ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá ọmọ mi, wọ́n ní kí ẹsẹ̀ àga tẹ̀ sẹ́yìn, kí apá rẹ̀ ní ihò mẹ́ta. Ta ló ń ṣe irú ẹ̀?"

"Káfíńtà ẹ̀yìn afárá nìkan ni."

"Ẹ ò wá rí i? Àga rẹ̀ ni wọ́n wò kọ lẹ́tà. Wọ́n kàn fẹ́ fi yín kún iye káfíńtà tí òfin ní kí wọ́n pè ni."

"Ṣé o ò fẹ́ kí n gòkè ni?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń dán àga kan ṣoṣo. Ọ̀gá ilé-ìwé pè é títí, kò gbé e.

3.
Èsì dé: "A dúpẹ́ pé ẹ kópa." Káfíńtà ẹ̀yìn afárá ló gbaṣẹ́. Gígúnrégé sáré lọ sílé-ìwé. Yéè! Bẹ́ǹṣì ẹlòmíì ti kún kíláàsì.

"Ọjọ́ mẹ́rin làwọn ọmọ mi fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Ẹ máa lọ, sà."

Ojú tì í, ó sunkún délé.

4.
Irú lẹ́tà yẹn tún dé láti iléeṣẹ́ náà. Iṣẹ́ kankan ò sí nílẹ̀, síbẹ̀ Gígúnrégé kò tíì kọ̀wé, ó kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù.

"Ta ló máa jókòó lórí àga yìí? Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀."

"Rárá o. Ìwé nìkan là ń gbà."

"Mi ò ní kọ̀wé! Ẹ wá ẹlòmíì tẹ́ ẹ máa fi kún iye."

Ó ṣí aṣọ lórí pákó, ó kan bẹ́ǹṣì kan, ó sì gbé e lọ sílé-ìwé. "Mi ò bẹ̀bẹ̀ iṣẹ́, mà. Àdéhùn mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú ṣẹ." Ọ̀gá jókòó lé e. Kò mì.

Ẹ̀yin ará, ẹ fetí sí mi! Kí ẹ tó dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lóhùn, ẹ wádìí bóyá ó ti ní ẹni tó ni ín. Ẹ má pa oníbàárà tó mọ̀ yín tì torí ẹni tí ò mọ̀ yín rí. Kíkọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo.