Àgbo Jẹ̀dí Tí Ìyá Ọláoyè Gbé Wọlé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin nílé ọkọ.

1. Lọ́dún 2012 ni Motọ́lání, tó ń ta aṣọ ní ọjà New Benin nílùú Benin, bí Mofẹ́olúwa. Láti ìgbà náà ni kò ti rí ìgbẹ́ yà dáadáa mọ́. Á jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á máa rin kí ìgbẹ́ lè jáde, omijé á máa bọ́.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó wá wẹ ọmọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Jẹ̀dí ni! Ṣebí mo ní kó o yé lá ṣúgà? Ọ̀kánjúwà!"

Ó ra àgbo jẹ̀dí ní ọjà Santana, ó sì ń fún un mu. Ìgbẹ́ á yà bí omi lónìí. Tó bá dọ̀la, ọ̀nà á tún dí.

2. Nígbà tó sú u, ó lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lójú Ọláoyè ọkọ rẹ̀. "Kì í ṣe jẹ̀dí. Iṣan ìsàlẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló ń fún pọ̀ nígbà tó yẹ kó dẹ̀. Bó bá ṣe ń rin tó ló ń fún tó. Àwọn físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan, ló máa kọ́ ọ bó ṣe máa dẹ̀ ẹ́."

Nílé, ìyá fárígá. "Kí ẹlòmíì máa yẹ ìdí ìyàwó ọmọ mi wò, kó ní òun ń kọ́ ọ ní ìgbẹ́ yíyà? Ọláoyè, ṣé orí rẹ dàrú ni?"

Ọláoyè wolẹ̀. "Tọ́lání, Mọ́mì ti sọ̀rọ̀. Mu àgbo rẹ."

"Bàbá Mofẹ́, ó ń dùn mí."

"Ìwọ nìkan kọ́ lo bímọ láyé."

3. Ó mu ún. Ó rin, ó rin, títí ìdí rẹ̀ fi yọ síta. Àwọn ayálégbé ló gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Lẹ́yìn náà ni físíò wá kọ́ ọ: kó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré, kó mí kanlẹ̀, kó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dẹ̀, kó yé rin. Díẹ̀díẹ̀, ó ń yàgbẹ́ láìsunkún.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ kúrò ní ọsibítù, ìyá ọkọ gbé ìgò àgbo mìíràn dé. Motọ́lání gbà á, ó dà á sí gọ́tà lójú rẹ̀, ó sì kọjú sí Ọláoyè.

"Bàbá Mofẹ́, ẹ máa bá ìyá yín gbé."

Ó pọn ọmọ, ó wọ tasín lọ sílé ìyá rẹ̀. Kò padà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń rin tí kò jáde, ẹ má rin mọ́. Ẹ lọ rí dókítà, ẹ má tijú. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, kì í ṣe gbogbo àìrígbẹ́yà ni jẹ̀dí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe dókítà, ara tiyín ni kẹ́ ẹ fi kọ́ṣẹ́, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.