Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Pe Fadérera

Láràárọ̀, kí ìyá Fadérera tó bọ́jú, á kọ́kọ́ bi fóònù rẹ̀ pé, "Ọmọ mi ńkọ́?"

Fóònù á yẹ ìwé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wò. "Fadérera Akínlàjà, ọdún kẹta. Kíláàsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Kò tíì dé."

Fadérera fúnra rẹ̀ ló kọ kóòdù kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún aráyé. Fadérera ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé náà. Wọn kì í fi sàréè ọmọ han òbí. Ibi kan ṣoṣo tí ìyá ti ń bẹ̀ ẹ́ wò nìyí.

Lánàá, Ìṣọ̀lá, ọ̀rẹ́ Fadérera tó ń tọ́jú kóòdù náà báyìí, wá sílé, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Yunifásítì ní ká yọ orúkọ àwọn tó ti kú."

Ìyá bi í pé, "Ṣé o wà lára àwọn tó sin ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ náà ni kó o yọ ọ́. Ṣùgbọ́n má sọ ọjọ́ tó o máa ṣe é fún mi."

Láàárọ̀ òní, ìyá gbé fóònù, ó wò ó títí. Ó da ojú fóònù délẹ̀ láìbi í léèrè ohunkóhun, ó lọ bọ́jú.