Ihò Tó Wọ Yàrá Màmá

Kẹ́misọ́lá po sìmẹ́ńtì, ó gun orí àga.

Ó ti dí gbogbo ihò afẹ́fẹ́ tí eruku ọyẹ́ ń gbà wọ inú ilé àtijọ́ yìí, ilé bàbá Gideon, ọkọ rẹ̀, ní Ìlaró.

Ó ku ẹyọ kan, èyí tó wà láàárín yàrá òun àti ti ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó mi, má dí ìyẹn o." Láti àárọ̀ ni Màmá ti ń wí i.

Kí ló dé?

Eruku kì í gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ ẹnu tọkọtaya ló ń gba ibẹ̀ jáde.

Abẹ́ ihò náà gan-an sì ni Màmá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara wọn sí!

"Màmá, ẹ dákun, kí lẹ fẹ́ máa gbọ́ nínú yàrá wa?"

Màmá ò bínú. Wọ́n rọra jókòó.

"Bàbá Gideon dí i rí, lọ́dún tó gbé mi wọlé. Inú yàrá yín yẹn ló ti ń lù mí. Màá ké títí, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ìgbà tó kú ni mo ní kí wọ́n ṣí i padà."

Wọ́n gbójú sókè.

"Ta ló ní kó o dí i?"

Kẹ́misọ́lá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Sìmẹ́ńtì ti ń gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Gideon ni, Màmá. Èmi ni mo fi àwọn yòókù kún un. Èyí nìkan ló ní kí n dí."