Ìbákà Tí Hajarat Tọ́jú

Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni Hajarat, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ti ra ìbákà náà, apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ló fi tọ́jú rẹ̀. Ó ń bu ọkà bàbà fún un, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó bí, ọkọ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti fẹ́ ẹyẹ lé òun lórí.

Nígbà tí apá náà san, ó fẹ́ tú u sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ pe Ànúolúwa, ọmọbìnrin tó ń ṣèwádìí ẹyẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyẹn ní ìwé àgbáyé tó ń ka àwọn ẹranko tó fẹ́ẹ́ tán sọ pé kò séwu lórí ìbákà, ó ṣì pọ̀ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dẹ ẹyẹ tà ti kó ti agbègbè yìí tán. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tẹ́nikẹ́ni ti gbúròó ọ̀kan nígbó Ọ̀yọ́.

"Tẹ́ ẹ bá tú òun nìkan sílẹ̀, mà, bí ẹní pa á ni. Ẹ máa gbé e kiri. Ibi tí òmíràn bá ti dá a lóhùn ni kẹ́ ẹ tú u sí."

Ọkọ Hajarat ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra, kó sọ ẹyẹ náà sílẹ̀ kó wá dáná. Láràárọ̀, kó tó lọ síléèwé, Hajarat ń gbé àgò ẹyẹ dé etí odò kan lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìbákà fi kọrin tí igbó dákẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe Hajarat títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ohùn ìbákà dáhùn láti òdìkejì odò. Ẹyẹ inú àgò bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè fò sódò. Hajarat kò yára gbà á gbọ́. Ó padà wá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Igi kan náà ni ohùn náà ti ń wá, orin kan náà, kò gùn sí i, kò kúrú sí i. Ọjọ́ tí òjò rọ̀ nìkan ni kò dún.

Ànúolúwa ní ó tó. Hajarat fi àkàrà ṣe sàráà fáwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí àgò.

"Máa lọ bá èkejì rẹ," ló wí.

Ẹyẹ náà fò tààrà lọ síbi igi yẹn. Inú Hajarat dùn débi pé ó bọ́ bàtà, ó la odò kọjá lọ wò wọ́n.

Lábẹ́ igi náà, ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ń rọra yọ ìbákà kúrò lára àtè. Ó ní "Ẹ kú àárọ̀, mà," ó sì na ọwọ́ kejì sókè, ó pa fóònù tó ń kọrin lórí ẹ̀ka, ìbákà kejì bá dákẹ́.