Má Fi Í Sí Ọ́tò

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Tóyìn gbé kámẹ́rà fídíò rẹ̀ wá sílé Ọládèjì, àbúrò bàbá rẹ̀, ní Òmù-Àrán. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì béèrè Àmọ̀pé, ìyàwó Ọládèjì. Ọládèjì fi àgbọ̀n tọ́ka sí yàrá. Láti ọjọ́ Àìkú ni Àmọ̀pé ti wà níbẹ̀, oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Gbé e wá kí n rí i," ni Ọládèjì wí.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ya fọ́tò nílùú náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó yí kámẹ́rà náà síwá sẹ́yìn. Ó fúyẹ́ jù lójú rẹ̀, àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sì kéré bíi hóró ẹ̀wà.

"Báwo lo ṣe ń lò ó?"

"Ọ́tò ni mo máa ń fi í sí, Bàbá. Á ṣe gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Ti Sátidé yìí kọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, mọ́tò kan yóò gbé Gbóyèga, ọmọ Ọládèjì kan ṣoṣo, láti Ìlọrin wá sí Àgbàmú, ìlú wọn. Wọ́n ti háyà kánọ́pì. Kọ́áyà ti ń fi orin dánra wò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti tẹ fọ́tò rẹ̀ sára T-ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti ra kóòtù funfun fún un. Bàbá àti ìyá rẹ̀ nìkan ni kò ní sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni Babátúnjí, bàbá Tóyìn, kó àwọn àgbà ilé wá, tí wọ́n sọ fún àwọn méjèèjì pé wọn kò gbọdọ̀ yọjú sí Àgbàmú. Ọládèjì kò bá wọn jiyàn.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Gbóyèga ta kámẹ́rà tí bàbá rẹ̀ fi ń jẹun, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì kọjá sí Ìlọrin. Nígbà tó wá tọrọ àforíjì, Ọládèjì ní, "Má jẹ́ kí n rí ojú rẹ mọ́." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbóyèga kò padà wá. Ó máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, á sì béèrè bóyá bàbá òun fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀. Ọládèjì á dìde, á bọ́ síta. Ó ń dùn ún báyìí, ó ń dùn ún wọ egungun, kò sì sí ohun mìíràn tó ń fẹ́ láyé ju kó rí ojú náà lọ.

Ó fi aṣọ funfun bo èjìká Tóyìn, ó ní kó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì tan kámẹ́rà náà ní ọ́tò. Aṣọ yọ dáadáa, ojú Tóyìn ṣú dẹ̀dẹ̀. Adìyẹ kan kọjá. Kámẹ́rà fi Tóyìn sílẹ̀, ó ń wá adìyẹ.

"Ó tì o," ni Ọládèjì wí. "Èrò á pọ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ni tìrẹ yìí á máa sá tẹ̀ lé."

Ó wá bọ́tìnnì tó ń yọ ọ́ kúrò ní ọ́tò títí ó fi rí i lábẹ́ ìdérí kan. Òrùka ẹnu rẹ̀ ṣeé fi ọwọ́ yí, àwòrán sì ń já gaara. Ti ìmọ́lẹ̀ ló le: ó di ìgbà tí wọ́n tẹ nǹkan mẹ́rin tẹ̀ léra kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

"Ẹni tó ṣe é kò fẹ́ kéèyàn débẹ̀," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ó ṣeé lò. Ojú ọmọ mi ni kí o yí i fún. Jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ débi tí aṣọ funfun á jóná nínú àwòrán, aṣọ kọ́ ni mo fẹ́ wò. Bí ojú bá ti já gaara lẹ́ẹ̀kan, má fọwọ́ kàn án mọ́."

Tóyìn wá ṣí láptọ́ọ̀pù. Díìsìkì tó wà nínú páálí kámẹ́rà náà ló fi gbé sọ́fúwià tí wọ́n fi ń to fídíò sórí ẹ̀rọ. Sọ́fúwià náà ń gé àwòrán, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ láìṣe wàhálà, àmọ́ láàárín àwòrán kan sí èkejì, ó ń fi òdòdó àti orin sí i, ẹnì kankan kò sì rán an níṣẹ́. Ó pẹ́ kí Tóyìn tó rí wọn yọ.

"Òun ló ń pinnu ohun tó yẹ kéèyàn rí," ni Ọládèjì wí. "Fún gígé, kò burú. Ìwọ má gé nǹkan kan, Tóyìn. Bó bá ṣe rí ni kí o gbé e wá."

"Bàbá, àwọn àgbà..."

"Mo gbọ́ ohun tí àwọn àgbà wí."

Tóyìn ní ó dáa, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọládèjì wẹ̀ láàárọ̀, ó múra, ó jókòó sí pálọ̀. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ kí Tóyìn tó dé pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù. Erùpẹ̀ pupa wà lára bàtà rẹ̀. Àmọ̀pé jáde láti yàrá, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, kò sún mọ́ wọn.

Kánọ́pì ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà àwọn T-ṣẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà kọ́áyà. Ọládèjì ní kí Tóyìn pa ohùn fídíò náà. Ojú Gbóyèga wá gba gbogbo gíláàsì láptọ́ọ̀pù náà, ó sì já gaara. Èèyàn ń kọjá, wọ́n ń na ọwọ́, wọ́n ń fi áńkáṣíìfù nu ojú, kámẹ́rà kò tẹ̀ lé ẹnì kankan. Kóòtù ti jóná sínú ìmọ́lẹ̀. Irùngbọ̀n tí bàbá rẹ̀ kò rí rí hàn, àpá kékeré tó ní létè láti ìgbà tó ń kọ́ ìrìn náà hàn.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Ọládèjì wí. Ó fi ìka kan àpá náà lórí gíláàsì. "Ó ti dàgbà."

Lẹ́yìn náà ni àwòrán fò bọ́ sórí àwọn èèyàn tó ń padà sílé, nítorí pé Tóyìn ti gé ibi tí wọ́n ti dé pósí Gbóyèga tí wọ́n sì gbé e sọ̀ kalẹ̀: òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí.